Òkun Tí Kò Bá Sinmi Kò Lè Bọ́ Aráyé

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òkun ti ń bọ́ ọmọ ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó gbin ẹja inú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń fún un ní oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbẹ̀ kan tí ó lè sọ pé òun ni òun da ajílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibú. Ọlọ́hun Ọba Ẹlẹ́dàá ni ó pèsè rẹ̀, tí ó sì fi í ta aráyé lọ́rẹ, olówó àti tálákà, ẹni tí ó ń gbé etí òkun àti ẹni tí ó jìnnà sí i. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó kù fún ọmọ ènìyàn ni kí ó kó ìwọ̀n tí ó tó o, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ kí ó lè máa bí sí i. Iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí gan-an ni aráyé kọ̀ láti ṣe.

Àjọ tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FAO, ti ń ṣe ìṣirò ẹja inú òkun láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ní ọdún 1974, nínú gbogbo ọ̀wọ́ ẹja tí àjọ náà ń ṣọ́, ìdá 10 péré nínú 100 ni wọ́n ń pa ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú ìròyìn tí àjọ náà gbé jáde ní ọdún 2024, iye yìí ti lé ní ìdá 37 nínú 100. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ka ọ̀wọ́ ẹja mẹ́ta, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń pa kíákíá ju bí ó ti ń bí lọ.

Àwọn ọkọ̀ ń tóbi sí i, àwọ̀n ń gùn sí i, ẹ̀rọ tí ó ń wá ẹja lábẹ́ omi ń mú sí i. Síbẹ̀, iye ẹja tí aráyé ń kó láti inú òkun kò kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 80 tọ́ọ̀nù lọ́dún láti ìparí àwọn ọdún 1980 títí di òní. Láàárín àkókò kan náà, àwọn ènìyàn orí ilẹ̀ ayé ti kúrò ní bílíọ̀nù 5, wọ́n sì ti kọjá bílíọ̀nù 8. Ìkòkò ọbẹ̀ kò fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jókòó yí i ká ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dé bá kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ọlọ́rọ̀ tí kò bá rí ẹja yóò jẹ ẹran màlúù, bí ó bá wù ú yóò pa àgbò. Tálákà ni ẹja jẹ́ ẹran fún. FAO sọ pé àwọn ènìyàn tí ó lé ní bílíọ̀nù 3 ni wọ́n ń rí ìdá kan nínú márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú oúnjẹ ẹlẹ́ran tí ń mú ara dàgbà láti inú ẹja àti àwọn ẹ̀dá omi mìíràn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyá tí kò lè ra ẹran fún ọmọ mẹ́fà lè ra ṣàwá tàbí kòtè, kí ó gé e sí wẹ́wẹ́, kí olúkúlùkù sì rí nǹkan mú lọ́wọ́. Ọbẹ̀ tí kò sí èdé, tí kò sí agbódó, tí kò sí pánla nínú rẹ̀, omi ata lásán ni. Nítorí náà, bí ẹja bá wọ́n, ọmọ tálákà ni ebi ń pa.

Ohun tí ojú erékùṣù Newfoundland rí

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òkun tóbi ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè sọ di òfìfo lọ, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Newfoundland, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Kánádà. Ẹja tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀dù kún inú omi ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí John Cabot àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibẹ̀ ní ọdún 1497, ìròyìn tí wọ́n mú padà sílé ni pé agbọ̀n lásán tó láti fi gbọ́n ẹja. Fún nǹkan bíi 500 ọdún ni àwọn ará Potogí, Sípéènì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ń bọ́ ara wọn láti inú omi yìí. Ìwọ̀ àti okùn ni ohun èlò wọn, ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n ń wọ̀, òkun sì ń fi òmíràn dípò èyí tí wọ́n bá mú.

Ní àwọn ọdún 1950, nǹkan yí padà. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá dé, èyí tí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ pátápátá lórí omi. Wọ́n ń wọ́ àwọ̀n lọ́sàn-án àti lóru, wọ́n ń la ẹja, wọ́n ń sọ ọ́ di yìnyín nínú ọkọ̀ kan náà, wọn kò sì nílò láti padà sí èbúté títí tí ọkọ̀ yóò fi kún. Ní ọdún 1968, nǹkan bíi 800,000 tọ́ọ̀nù kọ́ọ̀dù ni wọ́n kó níbẹ̀ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Inú àwọn oníṣòwò dùn. Wọn kò mọ̀ pé èbù ni wọ́n ń sun jẹ.

Ní ọdún 1977, ilẹ̀ Kánádà fa ààlà sí orí omi, láti etíkun lọ sí 200 máìlì òkun, ó sì lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ àjèjì jáde. Àwọn ènìyàn yọ̀, wọ́n ní ọ̀tá ti lọ. Ṣùgbọ́n dípò kí ìjọba jẹ́ kí omi náà sinmi, ó ti àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ti ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn láti gba ipò tí àwọn àjèjì fi sílẹ̀. Àwọn apẹja kéékèèké tí ó wà létíkun bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní àwọn ọdún 1980 pé ẹja tí ń wọ àwọ̀n àwọn ń kéré sí i, pé kò sì wá sí etíkun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn aláṣẹ kò kọbi ara sí wọn. Ìṣirò tí ó wà lórí ìwé sọ pé ẹja ṣì pọ̀, ìwé sì ni wọ́n gbà gbọ́ ju ojú àwọn tí ó wà lórí omi lọ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1992, mínísítà ọ̀rọ̀ ẹja ní ilẹ̀ Kánádà, John Crosbie, kéde pé kí gbogbo iṣẹ́ ẹja kọ́ọ̀dù ní ìhà náà dúró. Nǹkan bíi 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní erékùṣù kan ṣoṣo. Ọdún 2 ni wọ́n pè é ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 2 di 10, 10 di 20, 20 di 30. Àwọn ọ̀dọ́ kó ẹrù wọn kúrò nílùú, àwọn àgbà jókòó ti àwọ̀n gbígbẹ. Ó di ọdún 2024 kí ìjọba tó tún ṣí iṣẹ́ náà, ìwọ̀n tí ó sì fi ọwọ́ sí nígbà náà jẹ́ 18,000 tọ́ọ̀nù. Kí olúkúlùkù fi iye yìí wé 800,000 tọ́ọ̀nù ti ọdún 1968, kí ó sì ro ó wò bóyá èrè wà nínú ìwà ọ̀kánjúwà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé lílé àjèjì lọ nìkan kò lè gba òkun là bí ọ̀kánjúwà bá ṣì wà nílé. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá kọ̀ láti sinmi ní oṣù kan nígbà tí ó wù ú, yóò sinmi ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí kò wù ú.

Ẹ̀rí pé òkun ń gba àtúnṣe

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìrètí nù. Òkun kì í di kùnrùngbùn. Bí ènìyàn bá ronú pìwà dà ní àkókò, ó ń dárí jì í.

Ní ilẹ̀ Nọ́wè, ẹja hẹ́rìn, tí ó wà lára àwọn tí àwọn ará ọjà ní Nàìjíríà ń pè ní ṣàwá, fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ẹ̀rọ tí ń fa àwọ̀n àti ẹ̀rọ tí ń wá ẹja lábẹ́ omi ni ó fa ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé kò sí ibi tí ẹja lè sá pamọ́ sí mọ́. Ìjọba fi òfin de iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó le, ó sì dun àwọn apẹja wọra. Ṣùgbọ́n wọ́n dáàbò bo ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù. Ní ọdún 1983, ẹja wọ̀nyẹn yé ẹyin, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sì yè lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1990, omi náà ti tún kún, ẹja ti padà sí orí àtẹ.

Ti kọ́ọ̀dù Òkun Barents náà jẹ́ ẹ̀rí. Inú ọ̀wọ́ ẹja yìí ni ọ̀pọ̀ pánla tí ó ń wọ Nàìjíríà ti ń wá; ní Lofoten ni wọ́n ti ń so ó kọ́ sórí igi kí afẹ́fẹ́ òtútù lè gbẹ ẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹja yìí dín kù gan-an. Ilẹ̀ Nọ́wè àti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí wọ́n jọ ni omi náà, gé ìwọ̀n tí wọ́n ń pa sílẹ̀. Nọ́wè sì ti fi òfin de dída òkú kọ́ọ̀dù padà sínú òkun láti ọdún 1987, kí apẹja má baà máa ṣa èyí tí ó tóbi, kí ó sì sọ ìyókù nù. Ní ọdún 2013, ẹja náà ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fi ọwọ́ sí pípa mílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìṣọ́ ti parí. Ẹja náà tún ti ń dín kù láti ìgbà náà wá. Fún ọdún 2025, 340,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ọwọ́ sí, èyí tí ó kéré jù láti ọdún 1991. Òkun tí a tún ṣe dàbí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn lára àìsàn: ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ẹja ti ọdún 1976, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2006, sọ ọ́ di dandan pé kí òǹkà wà lórí ohun tí wọ́n lè pa lọ́dún, kí wọ́n sì ṣe ètò bí ọ̀wọ́ tí ó ti dín kù yóò ṣe padà bọ̀ sípò. Láti ọdún 2000, nǹkan bíi 50 ọ̀wọ́ ẹja ni wọ́n ti mú padà bọ̀ sípò lábẹ́ òfin yìí.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Abo ẹja tí ó dàgbà tí ó sì tóbi ń yé ẹyin ju ọ̀pọ̀ kéékèèké lápapọ̀ lọ. Bí àwọ̀n bá há jù, tí ó ń kó àwọn ọmọ ẹja kí wọ́n tó bímọ rí, ìran wọn ti gé. Bí wọ́n bá fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti bímọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, apẹja yóò pa èyí tí ó tóbi, èyí tí yóò wá lọ́dún tí ń bọ̀ sì ti wà nínú omi. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí dáadáa. Ilẹ̀ tí ó bá ti rẹ̀, yóò fi í sílẹ̀ kí ó di igbó padà. Kò sí ẹni tí ó ń pe irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan gbé ìṣirò jáde lórí iṣẹ́ ẹja pípa 4,713 káàkiri àgbáyé. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àkóso tó yẹ bá wà, ẹja tí aráyé ń rí lọ́dún lè fi ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù pọ̀ sí i, àti pé ó kéré tán ìdajì wọn lè padà bọ̀ sípò láàárín ọdún 10. Bí wọ́n bá pín mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù fún bílíọ̀nù 1 tálákà, ti olúkúlùkù yóò jẹ́ kìlógíráàmù 16 lọ́dún. Oúnjẹ tí kò gba ilẹ̀, tí kò gba ajílẹ̀, tí kò sì gba òjò, ni aráyé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì sẹ́yìn yìí.

Ohun tí àwọn kan ń sọ

Àwọn kan ń sọ pé kò sí ìdí fún ìdààmú, pé ẹja tí ènìyàn ń sìn nínú adágún yóò rọ́pò ti òkun. Òtítọ́ ni pé ní ọdún 2022, ẹja àti àwọn ẹ̀dá omi tí ènìyàn sìn kọ́kọ́ ju èyí tí wọ́n mú nínú igbó omi lọ ní àgbáyé. Òtítọ́ sì ni pé sísin ẹja àrọ̀ ti la ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ ẹja sísìn ń jẹ? Ẹja òkun tí wọ́n ti lọ̀ kúnná wà nínú oúnjẹ wọn. Ní etíkun Moriténíà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà, ilé iṣẹ́ wà tí ó ń ra ṣàwá tútù, tí ó ń sè é, tí ó sì ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun tí ọkọ̀ ń kó lọ sí òkè òkun láti fi bọ́ ẹja àti ẹlẹ́dẹ̀. Nǹkan bíi kìlógíráàmù 4 sí 5 ẹja tútù ni ó ń di kìlógíráàmù 1 ìyẹ̀fun. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń yan ẹja náà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn ará ìlú inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, kò lè bá ilé iṣẹ́ du iye. Oúnjẹ ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń gbà lẹ́nu tálákà Áfíríkà láti fi bọ́ ẹran ọ̀sìn olówó. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ìlọsíwájú, kí ó tún ojú rẹ̀ wò.

Àwọn mìíràn sọ pé tálákà kò lè dúró. Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹun lálẹ́ òní ni a ń bá sọ̀rọ̀ ẹja ọdún mẹ́wàá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ òkun run? Kì í ṣe ọkọ̀ oníwúkọ̀ ará Ìlàjẹ tí ó ń lọ láàárọ̀ tí ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Tírọ́là kan lè kó ní ọjọ́ díẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké kò lè kó lọ́dún. Ìdájọ́ òdodo ni pé kí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jẹ jù. Bí ó bá wá kan apẹja kékeré, kí ìsinmi rẹ̀ kúrú, kí ó bọ́ sí àkókò tí ẹja ń yé ẹyin gan-an, kí ìjọba sì fún un ní ohun tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ títí tí àwọ̀n yóò fi padà sínú omi. Nígbà tí ti Newfoundland ṣẹlẹ̀, ìjọba Kánádà san owó ìrànwọ́ fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti tètè fi díẹ̀ nínú owó náà ṣe ìtọ́jú ṣáájú, iye rẹ̀ ì bá má tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Gáńà náà bẹ̀rẹ̀ ètò ìsinmi fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké ní ọdún 2019. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí àwọn apẹja bèèrè pé èéṣe tí àwọn fi ń sinmi nígbà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń jalè lẹ́yìn. Ìbéèrè wọn tọ́. Òfin tí ó bá mú apẹja kékeré tí ó sì jẹ́ kí olówó lọ, kì í ṣe òfin ìtọ́jú, òfin ìrẹ́jẹ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé ní Nàìjíríà

Etíkun Nàìjíríà gùn tó nǹkan bíi 850 kìlómítà, láti Bàdágìrì dé Calabar. Ìlú tí ó ń jẹ nínú rẹ̀ kò lóǹkà: àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ìjọ́, àwọn Ẹ̀gùn, àti Ẹ̀pẹ́, ìlú onígbàgbọ́ Mùsùlùmí tí òkìkí ọjà ẹja rẹ̀ kàn jákèjádò ìpínlẹ̀ Èkó. Síbẹ̀, ẹja tí Nàìjíríà ń pèsè, ti òkun, ti odò àti ti adágún lápapọ̀, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù lọ́dún, nígbà tí àwọn aláṣẹ máa ń sọ pé ohun tí ìlú nílò ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ìyókù, yálà títọ́ọ̀sì, yálà kòtè, yálà pánla, inú yìnyín ni ó ti ń bọ̀ láti omi ẹlòmíràn, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tí náírà bá ṣubú, iye ẹja ní ọjà Ìbàdàn àti Ìlọrin yóò fò sókè lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìkòkò aládùúgbò kò mọ ọjọ́ tí aládùúgbò yóò dé e lórí.

Òfin kò ṣọ̀wọ́n. Òfin ẹja òkun ti ọdún 1992 wà, ìlànà tí ó tẹ̀ lé e sì ka ọkọ̀ ńlá léèwọ̀ láti pa ẹja ní 5 máìlì òkun àkọ́kọ́ láti etíkun, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹja ti ń tọ́ ọmọ, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ apẹja kékeré wà. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa òkun wà ní Èkó láti ọdún 1975. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé fi ẹnu kò lórí àdéhùn tí ó fi òfin de owó ìrànwọ́ tí àwọn ìjọba ń fún àwọn ọkọ̀ tí ń pa ẹja lọ́nà àìtọ́ àti àwọn tí ń pa èyí tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àdéhùn náà fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ìwé ti pọ̀ tó. Ohun tí ó kù ni ọkọ̀ tí yóò ṣọ́ omi, epo tí yóò gbé ọkọ̀ náà, àti òṣìṣẹ́ tí kò ní gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nígbà tí ó bá mú ọ̀daràn.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ti ìjọba ni kí ó mú òfin 5 máìlì náà ṣẹ, kí ó sì máa kéde orúkọ ọkọ̀ tí ó bá rú u ní gbangba. Kí ó ka ẹja kí ó tó ta ìwé àṣẹ, kí iye ìwé àṣẹ má sì ju ohun tí omi lè gbà lọ. Kí ó bá àwọn aládùúgbò rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gáńà, ṣe àdéhùn kan náà, nítorí pé ẹja kò mọ ààlà, olè tí wọ́n bá lé ní Èkó yóò sá lọ sí Kútọnu. Kí ó tọ́jú àwọn igi tí ó wà létí omi iyọ̀, nítorí abẹ́ gbòǹgbò wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja ti ń dàgbà. Ẹni tí ó gé wọn tí ó sì fi iyanrìn kún ibẹ̀ láti kọ́ ilé, ó ti wó ilé ọmọ mìíràn.

Ti àwọn apẹja ni kí wọ́n jáwọ́ nínú àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há, kí wọ́n sì lé ẹni tí ń da oògùn kòkòrò kòkó sínú ọ̀sà kúrò láàárín wọn. Májèlé tí ó pa ẹja náà kò ní fi ẹni tí ó jẹ ẹ́ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wọn máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ bá ìjọba, kí ti Newfoundland má baà tún ṣẹlẹ̀, níbi tí àwọn tí ó rí òtítọ́ kò ti rí ẹni tí yóò gbọ́.

Ti àwọn oníṣòwò ni kí wọ́n má ṣe ra ọmọ ẹja tí kò tíì gbó. Bí kò bá sí olùrà, kò ní sí ẹni tí yóò pa á. Kí wọ́n sì wá ọ̀nà tí yíyan ẹja àti fífi í sínú yìnyín yóò fi dára sí i, nítorí ẹja tí ó bàjẹ́ kí ó tó dé ọjà dàbí èyí tí wọ́n pa lásán. Ìmẹ́lẹ́ nínú ìpamọ́ jẹ́ irú ìnákúnàá kan, ìnákúnàá sì jẹ́ ohun tí gbogbo Mùsùlùmí òdodo mọ̀ pé Ọlọ́hun kò fẹ́.

Ti àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn aláàfáà ni kí wọ́n la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn tí ó wà lábẹ́ wọn. Bí ènìyàn bá fi ohun ìní ọmọ òrukàn sí ìkáwọ́ ẹnìkan, tí onítọ̀hún sì jẹ ẹ́ tán, gbogbo ìlú ni yóò pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Òkun jẹ́ ohun ìfipamọ́ fún àwọn tí a kò tíì bí. Wọn kò sí nílé láti pariwo, wọn kò lè dìbò, wọn kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ní kóòtù. Ọlọ́hun ni ẹlẹ́rìí wọn.

Ẹja gbígbẹ kò ṣeé ká. Ìgbà tí ẹja ṣì tútù, tí omi ṣì ní nǹkan nínú, ni àkókò àtúnṣe. Lónìí, ìsinmi díẹ̀díẹ̀ lè tó fún omi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí olówó bá kọ́kọ́ gbé àwọ̀n tirẹ̀ sókè, tí ìjọba sì di tálákà mú nígbà tí ó ń dúró. Bí aráyé bá kọ̀, òkun yóò fúnra rẹ̀ kéde ìsinmi, kò sì ní bèèrè iye ọdún tí ó wu ẹnikẹ́ni.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláṣẹ ní ọkàn tí ó gbọ́ràn, kí Ó sì fún àwọn tí ń jẹ nínú oore Rẹ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Àmín.